F11 àti F12: Ohun Tí Ṣómólú Mọ̀ Nípa Àwọ̀ àti Ìlà

Ọ̀rọ̀ ìtàn la fẹ́ sọ lónìí, ṣùgbọ́n ilé òkú ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Nígbà tí ìyá àgbà mi, ìyẹn ìyá tó bí màmá mi, dolóògbé, èmi ni ẹbí gbé iṣẹ́ ìwé ètò ìsìnkú lé lọ́wọ́. Ta ló tún kù? Èmi ni mo kàwé gboyè, èmi ni mo ń fi fídíò àti ohùn jẹun, èmi ni mo ní kọ̀ǹpútà. Àwọn àbúrò màmá mi dá owó jọ, wọ́n ní kí n tẹ ẹ̀dà 500. Òru méjì ni mo fi jókòó tì í. Mo fi àwọ̀ elése àlùkò, tí ìyá àgbà fẹ́ràn láti máa wọ̀, kun èèpo ìwé náà. Ó jin díẹ̀ lókè, ó sì túbọ̀ ń jin lọ títí ó fi kù díẹ̀ kó di dúdú nísàlẹ̀. Mo kọ orúkọ wọn sórí rẹ̀ ní funfun, mo wá fi ìlà aláwọ̀ wúrà tín-ín-rín yí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ká. Lójú kọ̀ǹpútà, ó ń dán gbinrin. Inú mi dùn sí ara mi.

Ọjọ́ Ajé ni mo gbé e lọ sí Ṣómólú. Ọjọ́ Ẹtì ni ìsìnkú. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, bàbá tó ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé pè mí kí n wá wo abala àkọ́kọ́ kí àwọn tó tẹ èyí tó kù. Àlùkò mi ti di àwọ̀ ẹ̀dọ̀ màlúù. Ibi tó yẹ kí àwọ̀ ti máa yọ́ lọ wẹ́rẹ́ ti pín sí ipele ipele bí àtẹ̀gùn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Orúkọ ìyá àgbà ló wá dùn mí jù: inú àwọn lẹ́tà rẹ̀ ti dí, ìlà wúrà sì ti yẹ̀ kúrò lára wọn, bí ìgbà tí èèyàn bá wọ fìlà tí kì í ṣe tirẹ̀.

Bàbá náà kò bú mi. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, kọ̀ǹpútà nìkan lo bá sọ̀rọ̀. O ò tíì bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀."

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ohun tí bàbá yìí kọ́ mi láàárín ọjọ́ Ìṣẹ́gun sí Ọjọ́bọ̀ ló jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìdí ọ̀rọ̀ náà. Níbo ni outline, ìlà tó yí àwòrán ká, ti wá bá wa? Níbo ni gradient, àwọ̀ tó ń yọ́ bọ́ sínú àwọ̀ míì, ti wá? Kí ló sì dé tí àwọn atẹ̀wé Ṣómólú fi máa ń fura sí méjèèjì?

Àdúgbò tí íǹkì kì í gbẹ

Bí o bá bọ́ọ́lẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ní Onípàánù tàbí Fádèyí, ní ẹ̀gbẹ́ Ìkòròdú Road, tí o sì rìn wọ inú Ṣómólú, etí rẹ ni yóò kọ́kọ́ sọ fún ọ pé o ti dé. Ní Ṣípéólú, ní Bajúláyé àti láwọn òpópónà tó yí wọn ká, ẹ̀rọ ń ké láàárọ̀, ẹ̀rọ ń ké lálẹ́. Ṣọ́ọ̀bù kan ń ta bébà, èkejì ń ṣe pléètì, ẹ̀kẹta ń tẹ̀, ẹ̀kẹrin ń gé e, ẹ̀karùn-ún ń fi ọ̀rá bò ó kó lè máa dán. Iṣẹ́ kan ṣoṣo lè gba ọwọ́ èèyàn márùn-ún tàbí mẹ́fà kọjá kó tó dé ọwọ́ ẹni tó ni ín. Póstà ìdìbò, kàlẹ́ńdà, ike omi, káàdì ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú: ibẹ̀ ni gbogbo wọn ń gbà kọjá.

Ní ẹ̀gbẹ́ kejì, Bàrígà wà nídìí ilé ẹ̀kọ́. Yunifásítì Èkó, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1962, wà ní Akọka. Yaba College of Technology, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1947, kò jìnnà. CMS Grammar School, ilé ẹ̀kọ́ girama tó pẹ́ jù ní Nàìjíríà, ti wà ní Bàrígà láti 1959. Nítorí náà, ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ ọnà àti ẹ̀rọ tó ń tẹ iṣẹ́ ọnà kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra wọn. Ẹ lè fẹsẹ̀ rìn ín. Ó kàn jẹ́ pé ọ̀pọ̀ nínú wa kì í rìn ín títí di ọjọ́ tí iṣẹ́ bá bàjẹ́.

Ìlà ló kọ́kọ́ dé

Ní ọdún 1859, ọdún tí wọ́n ṣí CMS Grammar School yẹn gan-an, ni àlùfáà Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ *Ìwé Ìròyìn* jáde ní Abẹ́òkúta. Ẹ̀rọ ayé ìgbà yẹn, lẹ́tà òjé ló ń lò. Ibi tó bá yọ sókè ni íǹkì ń kàn, ibi tó bá rì sílẹ̀ kò ní gba nǹkan kan. Nítorí náà, dúdú ni tàbí funfun. Kò sí "dúdú díẹ̀".

Òfin yìí ló darí àwòrán inú ìwé ìròyìn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 1937, Nnamdi Azikiwe dá *West African Pilot* sílẹ̀ ní Yaba. Ibẹ̀ ni Akínọlá Laṣekan, ọmọ Ọ̀wọ̀ tí wọ́n bí ní 1916, ti ń ya àwọn ẹ̀fẹ̀ tó ń gún ìjọba amúnisìn lójú. Ìlà ni ohun ìjà rẹ̀. Bí ayàwòrán irú ìgbà yẹn bá fẹ́ kí ibì kan ṣókùnkùn, yóò fa ìlà wẹ́wẹ́ sún mọ́ra. Bí ó bá fẹ́ kó mọ́lẹ̀, yóò jẹ́ kí wọ́n jìnnà síra. Bébà ìwé ìròyìn rí hẹ́rẹhẹ̀rẹ, ìlà tó nípọn nìkan ló sì lè dúró lórí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má rò pé òyìnbó ló kọ́ wa ní ìlà. Àwọn ìyá aládìrẹ ẹlẹ́kọ ní Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn ti ń fi ìyẹ́ adìyẹ fa ìlà sára aṣọ pẹ̀lú ẹ̀kọ láfún. Wọ́n á wá ri aṣọ náà bọ aró. Ibi tí ẹ̀kọ bò, aró kò ní lè wọ ibẹ̀. Àwọn mìíràn ń lo páànù tí wọ́n ti gé ọnà sí lára, wọ́n á fa ẹ̀kọ kọjá lórí rẹ̀. Bí aláró bá sì fẹ́ kí àwọ̀ jin, ṣe ni yóò máa ri aṣọ náà bọ ìkòkò léraléra. Rírì àkọ́kọ́, búlúù tó ṣì. Rírì tó pọ̀, dúdú tó ń kọ mọ̀nà. Ìlà ń sọ fún àwọ̀ ibi tó gbọ́dọ̀ dúró, iye ìgbà tí aṣọ wọ aró sì ń sọ bó ṣe máa jin tó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ohun méjì yìí sọ́kàn, a máa padà bá wọn nínú kọ̀ǹpútà.

Bébà kan, ẹ̀ẹ̀mẹrin lábẹ́ ẹ̀rọ

Ẹ̀rọ tí bàbá mi yìí ń lò ni wọ́n ń pè ní Kord, ti ilé iṣẹ́ Heidelberg ní Jámánì. Tòkunbọ̀ ni, ó ti dàgbà jù mí lọ, ó sì ń ṣiṣẹ́ bí aago. Àwọ̀ kan péré ló ń tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí iṣẹ́ bá ní àwọ̀ mẹ́rin, bébà kan náà gbọ́dọ̀ gba abẹ́ rẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀mẹrin: sáyàn, tó jẹ́ búlúù; mágẹ́ńtà, pupa tó ń fà sí àlùkò; yẹ́lò; àti dúdú. Àwọn mẹ́rin yìí ni CMYK tí ẹ ń rí nínú ètò kọ̀ǹpútà yín. Àmì tóótòòtó, kéékèèké bí orí abẹ́rẹ́, ni ẹ̀rọ ń tẹ̀. Ojú wa ló ń pò wọ́n pọ̀. Ẹ gbé awò tó ń sọ nǹkan di ńlá sórí kàlẹ́ńdà ilé yín, ẹ ó rí i.

Ibi tí wàhálà wà nìyí. Bébà ń mu omi inú afẹ́fẹ́, Èkó sì kún fún ọ̀rinrin. Bí ó bá fẹ̀ díẹ̀ láàárín ìgbà kìíní àti ìgbà kẹrin, àwọ̀ kò ní ṣe wẹ́kú mọ́. Àwọn atẹ̀wé á ní kò wọ register. Funfun tín-ín-rín á yọ láàárín àwọ̀ méjì tó yẹ kí wọ́n fara kanra.

Kí ni oògùn rẹ̀? Ìlà dúdú tó nípọn. Bí o bá fi dúdú yí àwòrán ká, tí o sì tẹ̀ ẹ́ lé àwọn àwọ̀ tó kù lórí, yóò bo gbogbo àléébù mọ́lẹ̀. Ẹ wo àwọn ìwé ọmọdé àti àwọn póstà àtijọ́, ẹ ó rí ìlà yẹn níbi gbogbo. A ti ń pè é ní ọ̀ṣọ́, àmọ́ níwájú ẹ̀rọ aláwọ̀ kan, iṣẹ́ gidi ló ń ṣe.

Ẹ wá wo ìwà òmùgọ̀ tí mo hù. Ìlà wúrà mi kò ní dúdú nínú rárá. Sáyàn díẹ̀, mágẹ́ńtà díẹ̀, yẹ́lò púpọ̀: àwọ̀ mẹ́ta nínú ìlà tó tín-ín-rín ju okùn ìránṣọ lọ. Mo ní kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ara wọn dọ́gba lórí ẹ̀rọ tó ń tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́tà funfun mi náà, àyè tí íǹkì mẹ́rin gbọ́dọ̀ fo ni. Bí ọ̀kan bá yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, inú lẹ́tà ti dí nìyẹn.

Kí kọ̀ǹpútà tó dé, kámẹ́rà ńlá ló ń ya iṣẹ́ ayàwòrán sí fíìmù mẹ́rin, ọ̀kan fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí Lemi Ghariokwu ya èèpo àwo orin *Alagbon Close* fún Fẹlá ní 1974, ọwọ́ ló fi ya á. Bí ayàwòrán ìgbà yẹn bá fẹ́ kí pupa yọ́ bọ́ sínú yẹ́lò, ọwọ́ rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ ṣe é, kámẹ́rà ló sì ń sọ ọ́ di tóótòòtó. Iṣẹ́ àṣelàágùn ni gradient jẹ́. Ẹnikẹ́ni kì í lò ó ṣeré.

Ìlà tí ìṣirò fà

Ohun tó yí gbogbo rẹ̀ padà kò ti ilé ìtẹ̀wé wá. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ní Faransé ló ti wá. Paul de Casteljau ní Citroën àti Pierre Bézier ní Renault ń wá ọ̀nà tí wọ́n lè gbà fi ìṣirò sọ bí ara ọkọ̀ ṣe máa tẹ̀ kọrọdọ. Wọ́n rí i pé ojú àmì mélòó kan ti tó láti ṣàlàyé ìlà tó tẹ̀, bó ti wù kó gùn tó. Ìlà Bézier yìí ni PostScript, èdè tí Adobe gbé jáde ní 1984 fún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, gbé lárugẹ. Ní 1987, Illustrator dé. Ní 1989, ilé iṣẹ́ Corel ní Ottawa, ní Kánádà, gbé CorelDRAW jáde.

Ìyẹn ni vector. Fọ́tò jẹ́ àpapọ̀ ẹyọ àwọ̀ kéékèèké. Bí o bá fà á tóbi, ó máa fọ́. Ṣùgbọ́n vector kò tọ́jú àwòrán, ìlànà ló tọ́jú: bẹ̀rẹ̀ níbí, tẹ̀ báyìí, parí sọ́hùn-ún, fi àwọ̀ yìí kún inú rẹ̀. O lè fi sórí káàdì ìpè, o lè fi sórí pátákó etí títì, kò ní fọ́.

Illustrator bẹ̀rẹ̀ lórí Macintosh, tówó rẹ̀ wọ́n. CorelDRAW ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, lórí kọ̀ǹpútà tí èèyàn lè rà ní tòkunbọ̀, tí wọ́n sì lè tún un ṣe ládùúgbò. Òun ló gba Ṣómólú. Títí di òní, bí o bá gbé fáìlì tí kì í ṣe ti Corel lọ síbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí wọ́n kọ́kọ́ bi ọ́ léèrè ìdí.

Nínú CorelDRAW, tẹ F11, àpótí gradient yóò ṣí. Tẹ F12, àpótí outline yóò ṣí. Bọ́tìnì méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ohun tó ń gba aládìrẹ ní ọjọ́ púpọ̀, ohun tó ń gba ayàwòrán ní òru mélòó kan, ó wá di ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà ní Èkó, ẹ rántí àwọn kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ àti póstà ìsọjí: òṣùmàrè lẹ́yìn orí olóyè, orúkọ pásítọ̀ pẹ̀lú ìlà mẹ́ta yípo. F11 àti F12 nìyẹn.

Fountain fill ni orúkọ tí Corel fún gradient. Bàbá rẹ́rìn-ín nígbà tí mo sọ ọ́. Àgbá tí íǹkì ń wà nínú ẹ̀rọ, fountain náà ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ní bí o bá bu íǹkì pupa sí apá kan rẹ̀, tí o bu yẹ́lò sí apá kejì, àwọn rólà yóò pò wọ́n láàárín, o ó sì rí gradient tó yọ́ dáadáa, láìsí kọ̀ǹpútà, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lábẹ́ ẹ̀rọ.

Àtẹ̀gùn inú àwọ̀

Kí ló wá ba tèmi jẹ́? Ohun mẹ́ta.

Èkíní: ojú fóònù àti kọ̀ǹpútà, ìmọ́lẹ̀ ni. Ìmọ́lẹ̀ pupa, ewéko àti búlúù ló ń fi dá gbogbo àwọ̀. Íǹkì kì í tan ìmọ́lẹ̀, ṣe ló ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì. Búlúù àti àlùkò tó ń kọ yẹ̀rì lójú fóònù, íǹkì mẹ́rin kò lè dé ibẹ̀. Ìdí nìyẹn tí búlúù yín fi ń di àlùkò, tí àlùkò mi sì di ẹ̀dọ̀.

Èkejì: ìpele 256 ni kọ̀ǹpútà sábà máa ń pín àwọ̀ kan sí, láti òfo títí dé kíkún. Ìyàtọ̀ láàárín òkè àti ìsàlẹ̀ èèpo ìwé mi kò ju ìdá 20 nínú 100 lọ. Ìdá 20 nínú ìpele 256 jẹ́ nǹkan bí 51. Bébà A4 ga tó mìlímítà 297. Ẹ pín in: ìpele kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó mìlímítà mẹ́fà kù díẹ̀. Ojú èèyàn ń rí i kedere. Àtẹ̀gùn tí mo rí nìyẹn.

Ẹ̀kẹta: íǹkì ń tàn lórí bébà. Àmì tó yẹ kó gba ìdá 80 nínú àyè rẹ̀ á gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní apá ìsàlẹ̀ tó ti jin tẹ́lẹ̀, gbogbo àmì náà sún kanra, ó di ẹrọ̀fọ̀.

A jọ tún un ṣe. Mo yọ dúdú àti yẹ́lò kúrò nínú àlùkò, ó ku sáyàn àti mágẹ́ńtà nìkan, ó sì mọ́. Mo jẹ́ kí gradient bẹ̀rẹ̀ láti àlùkò, kó yọ́ bọ́ sínú funfun, ní àyè kúkúrú. Ìyàtọ̀ tó pọ̀ ní àyè tó kéré, àtẹ̀gùn kò ráyè yọjú. Mo gbé orúkọ ìyá àgbà bọ́ sórí funfun, ní dúdú nìkan, íǹkì kan ṣoṣo, láìsí outline. Wọ́n tún kìlọ̀ fún mi nípa hairline, ìlà tó tín-ín-rín jù nínú Corel: mìlímítà 0.076 péré. Ó hàn lójú kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ó lè pòórá lórí bébà. Wọ́n sì fi àyè méjì hàn mí nínú F12. "Scale with object" ni èkíní: bí o kò bá mú un, tí o wá sọ lógò di kékeré, ìlà rẹ̀ kò ní kéré pẹ̀lú rẹ̀, yóò sì gbé lẹ́tà mì. "Behind fill" ni èkejì: ó ń mú kí ìlà dúró sẹ́yìn lẹ́tà, kó má bàa jẹ ara rẹ̀.

Owó pléètì kejì wọ́n, àpò mi ló sì ti jáde. Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni mo gbé ìwé náà kúrò ní Ṣómólú. Ní ọjọ́ Ẹtì, mo rí ọ̀rẹ́ ìyá àgbà kan, ìyá arúgbó tí kò mú awò ojú wá, tó fi ìka tọ orúkọ náà lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, tó sì kà á sókè. Kò mọ̀ pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣeé kà.

Nísinsìnyí tí fóònù ti di ilé ìtẹ̀wé

Windows 8 ní 2012 àti iOS 7 ní 2013 wà lára ohun tó sọ àwọ̀ pẹrẹsẹ di àṣà lójú kọ̀ǹpútà àti fóònù. Ní 2016, Instagram yí lógò rẹ̀ padà sí òṣùmàrè tó ń yọ́, gradient sì tún gba ìgboro. Lójú ìmọ́lẹ̀, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ yín ló ń fi PixelLab tàbí Canva ṣe póstà nínú bọ́ọ̀sì, iṣẹ́ yín sì ń dán. Ṣùgbọ́n ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp kó fún un pọ̀, ẹ ó rí i pé àtẹ̀gùn yẹn ti tẹ̀ lé wa dé inú fóònù. Ọjọ́ tí oníbàárà bá sì ní "ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́," ọjọ́ yẹn ni ẹ ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé Kord.

Ohun tó ń dùn mí nìyí. Pléètì ti ń jáde tààrà láti inú kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ kékeré ti ń lọ sórí ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní DI, tí kò nílò pléètì rárá. Àwọn tó ń fi ọwọ́ tò fíìmù mẹ́rin lé ara wọn lórí tábìlì iná ti ń dàgbà, ohun tí wọ́n mọ̀ sì wà lórí ahọ́n wọn nìkan. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Mo ní kọ̀ǹpútà tó yára ju ti bàbá mi yìí lọ, mo ní Corel tó tuntun ju tiwọn lọ. Wọ́n ní ogójì ọdún bébà tó ti bàjẹ́. Ibẹ̀ ni ìmọ̀ wà.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń gbé ní Bàrígà, ní Akọka, ní Yaba, ẹ rìn lọ sí Ṣómólú kí iṣẹ́ tó bàjẹ́. Ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè. Ẹ gbà wọ́n láyè kí wọ́n sọ ọ́, ẹ fi fóònù yín gba ohùn wọn sílẹ̀ bí wọ́n bá gbà fún yín. Èmi ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá ti gbà pé kí n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, wọ́n ní kí n mú bébà funfun dání kí àwọn fi fountain aláwọ̀ méjì hàn mí.

Bí ẹ bá mọ ẹnì kan tó fẹ́ tẹ ìwé ìsìnkú tàbí ti ìgbéyàwó lọ́sẹ̀ yìí, ẹ tètè fi èyí ránṣẹ́ sí i.